Ferdinand Cohn

Ferdinand Julius Cohn (ọjọ́ 24 oṣù Kínní ọdún 1828 – ọjọ́ 25 oṣù Kẹfà ọdún 1898) jẹ́ onímọ̀ ìjìnlẹ̀ nípa ewéko àti ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n fi ìpìlẹ̀ ìmọ̀ nípa bakitéríà lélẹ̀. Ọmọ Júù ni, ará ìlú Breslau ní ilẹ̀ Prọ́ṣíà, ìlú tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Wrocław ní orílẹ̀-èdè Pólàńdì lónìí. Cohn ni ó fún bakitéríà Bacillus subtilis ní orúkọ tí gbogbo ayé fi ń pè é láti ọdún 1872. Òun náà ni ó ṣàlàyé, ní ọdún 1876, ìdí tí bakitéríà yìí kì í fi í kú nínú omi tó ń hó. Bakitéríà kan náà ni ó ń sọ irúgbá di irú nínú igbá àwọn ìyá onírú nílẹ̀ Yorùbá. Ó sì wà lára àwọn tí àwọn àgbẹ̀ àti àwọn olùṣèwádìí ń lò lónìí láti gbógun ti àwọn àrùn tí fọ́ńgọ́ọ̀sì ń kó bá irè oko.

Ìgbà èwe àti ẹ̀kọ́

A bí Cohn sí àdúgbò tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún àwọn Júù ní Breslau. Oníṣòwò ni bàbá rẹ̀, Isaak Cohn. Ọ̀dọ́ ni òbí méjèèjì nígbà tí wọ́n bí i, òun sì ni àkọ́bí wọn. Ọgbọ́n ọmọ náà yára hàn débi pé ó ti ń kàwé kí ó tó pé ọmọ ọdún méjì, gẹ́gẹ́ bí ìtàn ìdílé rẹ̀ ti sọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó tó bí ọmọ ọdún mẹ́wàá, etí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í di. Kò sí ẹni tó mọ ohun tó fà á. Ọmọ tí ó ti ń síwájú ẹgbẹ́ rẹ̀ wá di ẹni tí ń fà sẹ́yìn nílé ẹ̀kọ́, ó sì di onítìjú tí ó máa ń dá wà. Ìṣòro etí yìí kò fi í sílẹ̀ pátápátá títí ó fi dàgbà, bóyá òun náà ni ó sì jẹ́ kí ojú rẹ̀ di ohun tí ó gbẹ́kẹ̀ lé jù.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1840 ó wọ Yunifásítì Breslau, níbi tí Heinrich Göppert ti kọ́ ọ nípa ewéko. Ó kẹ́kọ̀ọ́ náà dé òpin, ṣùgbọ́n nígbà tí ó kù kí ó ṣe ìdánwò àṣekágbá kí ó lè gba oyè, wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Òfin yunifásítì náà kò gba Júù láàyè láti gba oyè ọ̀mọ̀wé. Ẹ̀bẹ̀ tí wọ́n kọ ránṣẹ́ sí ìjọba kò so èso. Ọ̀pọ̀ àwọn Júù tí irú èyí dé bá nígbà náà ló yí ẹ̀sìn wọn padà kí ọ̀nà lè là fún wọn. Cohn kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó kó ẹrù rẹ̀ ní ọdún 1846, ó gba ìlú Berlin lọ, níbi tí yunifásítì ti gbà á. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1847, nígbà tí ó jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún péré, ó gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀ ewéko.

Ilé tí wọ́n ti lé e yìí wá di àǹfààní fún un, nítorí pé àwọn àgbà nínú ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ pọ̀ ní Berlin. Ẹni tí ó ṣe pàtàkì jù fún Cohn nínú wọn ni Christian Ehrenberg, ẹni tí ó ti lo ọ̀pọ̀ ọdún lórí àwọn ohun ẹlẹ́mìí tí ojú lásán kò lè rí. Ní ọdún 1835, Ehrenberg ti ṣàpèjúwe kòkòrò àìfojúrí tẹ́ẹ́rẹ́ kan, ó sì pè é ní Vibrio subtilis. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń kọ́ láti wo nǹkan lábẹ́ maikirosikóòpù yìí ni yóò yí orúkọ náà padà ní ọdún mẹ́tàdínlógójì lẹ́yìn náà.

Rògbòdìyàn ọdún 1848 bá Cohn ní Berlin. Ó fara mọ́ àwọn tí ń béèrè òmìnira, èyí kò sì ṣe é láǹfààní lójú àwọn aláṣẹ tí ń pín iṣẹ́ yunifásítì. Ní ọdún 1849 ó padà sílé.

Iṣẹ́ rẹ̀ ní Breslau

Breslau tí kò fún un ní oyè ni Cohn padà sí, ibẹ̀ ni ó sì ti ṣiṣẹ́ títí ó fi kú. Bàbá rẹ̀ ra maikirosikóòpù ńlá kan fún un, èyí tí Simon Plössl ṣe ní ìlú Vienna. Owó ńlá ni wọ́n fi rà á, kò sì sí irú rẹ̀ ní yunifásítì ìlú náà fúnra rẹ̀. Irinṣẹ́ yìí ni ó fi ṣe gbogbo iṣẹ́ tí ó sọ ọ́ di olókìkí láàárín ọdún 1850 sí 1860. Ó di olùkọ́ ní yunifásítì náà ní ọdún 1850, ó di igbákejì ọ̀jọ̀gbọ́n ní ọdún 1859, ó sì di ọ̀jọ̀gbọ́n ní kíkún ní ọdún 1872. Ọdún méjìlélógún ni ó fi ń gòkè, ìyẹn fún ọkùnrin tí gbogbo ilẹ̀ Yúróòpù ti ń ka ìwé rẹ̀ kí ìlú rẹ̀ tó fún un ní ipò tó tọ́ sí i.

Orí ewéko kéékèèké inú omi ni ó kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ lé, irú àwọn tí ń sọ ojú adágún di àwọ̀ ewé. Ó fi hàn pé ohun alààyè tí ó wà nínú sẹ́ẹ̀lì ewéko àti èyí tí ó wà nínú sẹ́ẹ̀lì ẹranko kò yàtọ̀ síra. Ní ọdún 1855 ó ṣàlàyé bí akọ àti abo ṣe ń pàdé lára àwọn ewéko inú omi yìí, ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò gbà pé ó lè rí bẹ́ẹ̀.

Ní ọdún 1855 yìí kan náà ni ó kọ̀wé lórí fọ́ńgọ́ọ̀sì. Fọ́ńgọ́ọ̀sì ni ẹbí tí olu wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú àwọn ohun bí òwú tí ń hù lára oúnjẹ tó ti pẹ́. Cohn ṣàkíyèsí pé àwọn eṣinṣin kan máa ń kú mọ́ ara fèrèsé, tí ìyẹ̀fun funfun yóò sì yí wọn ká. Ó wò wọ́n, ó sì rí i pé fọ́ńgọ́ọ̀sì kan ni ó wọ inú eṣinṣin náà, tí ó jẹ ẹ́ tán láti inú wá. Ó pè é ní Empusa muscae. Àwọn onímọ̀ òde òní ń pè é ní Entomophthora muscae. Pé ohun ẹlẹ́mìí kékeré kan lè jẹ́ àrùn fún òmíràn kò tíì jẹ́ ohun tí gbogbo ènìyàn gbà nígbà náà, nítorí náà àkíyèsí kékeré tí ó dà bí eré yìí ní ìtumọ̀ ju bí ojú ti rí i lọ.

Ní ọdún 1866 ó dá ilé-iṣẹ́ ìwádìí nípa bí ewéko ṣe ń gbé ìgbé ayé wọn sílẹ̀ ní Yunifásítì Breslau, èyí tí wọ́n kà sí àkọ́kọ́ irú rẹ̀ lágbàáyé. Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e ó fẹ́ Pauline Reichenbach ní ìyàwó. Nígbà tí ó di ọdún 1870, ó dá ìwé ìròyìn ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ kan sílẹ̀, Beiträge zur Biologie der Pflanzen, kí òun àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ lè máa rí ibi tẹ iṣẹ́ wọn jáde. Lára àwọn tí wọ́n ṣiṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀ ni Joseph Schroeter, ẹni tí ó wá di àgbà nínú ìmọ̀ nípa fọ́ńgọ́ọ̀sì ilẹ̀ Silesia. Schroeter ni ó fi ọ̀dùnkún gígé ṣe oko fún bakitéríà aláwọ̀ oríṣiríṣi, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì dá dúró ní ojú tirẹ̀.

Ìpínsọ́wọ̀ọ́ bakitéríà

Kí Cohn tó bọ́ sí i, rúdurùdu ni ìmọ̀ nípa bakitéríà. Àwọn kan gbà pé ẹranko ni wọ́n, àwọn kan ní ewéko ni wọ́n. Àwọn mìíràn sì gbà pé irú kan ṣoṣo ni gbogbo wọn, pé ohun tó rí roboto lónìí lè di ọ̀pá lọ́la kí ó sì di olu ní ọ̀túnla. Bí ọ̀rọ̀ bá rí bẹ́ẹ̀, kò ní sí ẹni tí yóò lè sọ pé bakitéríà báyìí ni ó ń fa àrùn báyìí, tàbí pé bakitéríà tọ̀hún ni ó ń ṣe ẹ̀dá láǹfààní.

Ní ọdún 1872 Cohn tẹ apá kìíní nínú ìwádìí ńlá rẹ̀ lórí bakitéríà jáde. Ohun tí ó sọ níbẹ̀ ni pé bakitéríà ní irú àti ẹ̀yà tí kì í yí padà, gẹ́gẹ́ bí àgbàdo kì í ti í di ìrẹsì. Ó pín wọn sí ẹgbẹ́ mẹ́rin gẹ́gẹ́ bí ìrísí wọn: àwọn tó rí roboto, àwọn ọ̀pá kúkúrú, àwọn tó gùn bí okùn, àti àwọn tó lọ́ bí ìkarahun ìgbín. Láti inú ẹgbẹ́ mẹ́rin yìí ni ó ti yọ ìdílé mẹ́fà, Bacillus sì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Inú ìdílé yìí ni ó kó Vibrio subtilis ti Ehrenberg sí, ó sì di Bacillus subtilis. Inú ìdílé kan náà ni ó fi bakitéríà tí ń pa màlúù àti àgùntàn sí, Bacillus anthracis. Olóore àti apani wá di ọmọ bàbá kan.

Cohn fúnra rẹ̀ mọ̀ pé ìrísí nìkan kò tó láti fi mọ irú, ó sì sọ pé bakitéríà méjì lè jọra lójú kí iṣẹ́ ọwọ́ wọn sì yàtọ̀. Ìkìlọ̀ yìí ṣe pàtàkì. Àwọn onímọ̀ ọ̀rúndún ogún tún ìpín rẹ̀ ṣe lọ́pọ̀lọpọ̀, ṣùgbọ́n wọn kò kúrò lórí ìpìlẹ̀ tí ó fi lélẹ̀.

Koríko gbígbẹ àti omi tó ń hó

Ìjà ńlá kan ń lọ lọ́wọ́ láàárín àwọn onímọ̀ ní àkókò yìí. Louis Pasteur ní ilẹ̀ Faransé ti fi hàn pé omi ẹran tí a bá sè dáradára, tí a sì dí ẹnu ìgò rẹ̀, kì í bàjẹ́. Nítorí náà, ó ní ohun ẹlẹ́mìí kì í dédé hù jáde láti inú ohun òkú. Ṣùgbọ́n ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Henry Charlton Bastian ń fi omi ewébẹ̀ àti wàràkàṣì ṣe ìdánwò. Ó ń sè wọ́n títí wọ́n á fi hó, ó ń dí ìgò pa, síbẹ̀ bakitéríà ń yọjú nínú wọn lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀. Ó ní ẹ̀rí nìyẹn pé ìyè lè bẹ̀rẹ̀ fúnra rẹ̀. Àwọn tí ń ta kò ó ń sọ pé kò ṣe ìmọ́tótó tó, ṣùgbọ́n ẹ̀sùn lásán ni wọ́n ń fi kàn án, nítorí pé òótọ́ ni ohun tí ó rí. William Roberts, oníṣègùn ní Manchester, náà ti rí i pé omi tí a rẹ koríko gbígbẹ sí a máa le láti sọ di mímọ́ nípa sísè.

Cohn mú koríko gbígbẹ, ó rẹ ẹ́ sómi, ó sè é, ó sì jókòó ti maikirosikóòpù rẹ̀. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ bakitéríà kú nínú omi tó ń hó náà. Lẹ́yìn ọjọ́ kan tàbí méjì, Bacillus subtilis nìkan ni ó tún jáde, tí ó gùn bí okùn, tí ó sì bo ojú omi bí awọ tẹ́ẹ́rẹ́. Nígbà tí oúnjẹ inú omi náà bẹ̀rẹ̀ sí í tán, Cohn rí ohun kan tí ń tàn yanran nínú ọ̀pá bakitéríà kọ̀ọ̀kan, bí kóró inú èso. Ọ̀pá náà tú ká, kóró náà sì bọ́ sílẹ̀. Ó sè é, kò kú. Ó gbé e sínú oúnjẹ tuntun, ó hù, ó sì di ọ̀pá padà.

Kóró yìí ni sípóò. Kì í ṣe ọmọ ni bakitéríà fi ń bí, nítorí pé ọ̀pá kan kì í ní ju kóró kan lọ. Ibi ìsádi ni. Bakitéríà tí ebi tàbí ọ̀gbẹlẹ̀ bá dé bá a kó ohun ìní rẹ̀ jọ sínú èèpo líle, ó sì sùn lọ títí ìgbà ọ̀tun yóò fi dé. Ìwé tí Cohn kọ lórí èyí ní ọdún 1876 ni ó yanjú ìjà náà. Bastian kò purọ́, Pasteur kò sì ṣìnà: ohun tí ó wà nínú ìgò kì í ṣe ìyè tuntun, ìyè àtijọ́ tí iná kò lè pa ni. Ní ọdún 1877 John Tyndall, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gba ibẹ̀ wá ọ̀nà tí a fi lè pa sípóò: kí a sè é, kí a fi í sílẹ̀ kí ó hù, kí a tún sè é, kí a sì tún un ṣe bẹ́ẹ̀ léraléra.

Robert Koch

Ní oṣù Kẹrin ọdún 1876, lẹ́tà kan dé ọwọ́ Cohn láti ọ̀dọ̀ oníṣègùn kan tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ ní ìlú kékeré Wöllstein. Robert Koch ni orúkọ rẹ̀. Ó ní òun ti mọ gbogbo ìgbésí ayé bakitéríà tí ń pa ẹran ọ̀sìn, òun sì fẹ́ wá fi hàn. Irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ ń dé bá Cohn lọ́pọ̀ ìgbà láti ọwọ́ àwọn tí kò mọ ohun tí wọ́n ń sọ, kò sì retí ohun púpọ̀. Síbẹ̀ ó ní kí ó máa bọ̀. Ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹrin Koch dé pẹ̀lú àwọn irinṣẹ́ rẹ̀, ó sì fi ọjọ́ mẹ́ta ṣe àṣehàn. Láàárín wákàtí kìíní Cohn ti mọ̀ pé ọ̀gá ni ó wà níwájú òun. Ó ránṣẹ́ pe àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n yòókù kí wọ́n wá wò ó.

Koch ti rí sípóò nínú Bacillus anthracis gẹ́gẹ́ bí Cohn ti rí i nínú Bacillus subtilis. Ìdí nìyẹn tí pápá tí ẹran kan ti kú sí ṣe lè máa pa ẹran mìíràn lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. Cohn tẹ iṣẹ́ Koch jáde nínú ìwé ìròyìn rẹ̀ ní ọdún náà, ní ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀ gan-an. Ọkùnrin tí wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ ní ọgbọ̀n ọdún ṣáájú ni ó ṣílẹ̀kùn fún àlejò yìí, ẹni tí ó wá gba Ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1905.

Ìgbẹ̀yìn ayé

Cohn kò fi ìmọ̀ mọ sí inú yunifásítì nìkan. Ó ń ṣe àsọyé fún àwọn ará ìlú ní èdè tó yé wọn, ó sì kó wọn jọ sínú ìwé Die Pflanze ní ọdún 1882. Ó gba àmì-ẹ̀yẹ Leeuwenhoek ní ọdún 1885 àti àmì-ẹ̀yẹ ẹgbẹ́ Linnean ti ìlú London ní ọdún 1895. Ní ọdún 1897 ẹgbẹ́ Royal Society gbà á gẹ́gẹ́ bí ọmọ ẹgbẹ́ láti ilẹ̀ òkèèrè. Iṣẹ́ ìwádìí tí ó tẹ̀ jáde lé ní 150. Ó kú ní Breslau ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹfà ọdún 1898, ìyàwó rẹ̀ sì tẹ ìwé ìrántí rẹ̀ jáde ní ọdún 1901.

Bakitéríà Cohn nínú irú

Ohun tí Cohn rí nínú omi koríko ti ń ṣẹlẹ̀ nílé ìdáná ilẹ̀ Yorùbá tipẹ́tipẹ́ kí a tó bí i. Ẹni tí ń ṣe irú a máa se irúgbá fún ọ̀pọ̀ wákàtí, a bó èèpo rẹ̀, a tún un sè, lẹ́yìn náà a dà á sínú igbá tàbí apẹ̀rẹ̀, a sì fi ewé àti aṣọ bò ó fún bí ọjọ́ méjì sí mẹ́rin. Kì í fi ohunkóhun tí a mọ̀ sí ìwúkàrà sí i. Síbẹ̀ irú náà a máa gbóná fúnra rẹ̀, a máa yọ̀, a sì máa fà bí okùn, òórùn rẹ̀ yóò sì jáde. Àwọn onímọ̀ tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò rí i pé Bacillus subtilis àti àwọn ìbátan rẹ̀ ni ó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Àwọn bakitéríà mìíràn ti kú sínú ìkòkò, ṣùgbọ́n sípóò tó wà lára kóró náà, lára igbá àti lára ewé kò kú. Bí omi bá ti tutù díẹ̀, wọ́n á jí, wọ́n á sì bá oúnjẹ púpọ̀ láìsí ẹni tí yóò bá wọn dù ú.

Lílò rẹ̀ lòdì sí àrùn irè oko

Cohn kò lo Bacillus subtilis fún ìwòsàn ewéko rí. Àwọn tó tẹ̀lé e ni wọ́n ṣàkíyèsí pé bí wọ́n bá gbin bakitéríà yìí sínú àwo kan náà pẹ̀lú fọ́ńgọ́ọ̀sì, fọ́ńgọ́ọ̀sì náà kì í lè sún mọ́ ọn. Àyè gbalasa máa ń wà láàárín àwọn méjèèjì. Ohun tó ń ṣe é ni àwọn èròjà bí ọṣẹ tí bakitéríà náà ń tú jáde, tí wọ́n ń lu awọ ara sẹ́ẹ̀lì fọ́ńgọ́ọ̀sì jálu. Ọ̀kan pàtàkì nínú wọn ń jẹ́ iturin. Ilẹ̀ Áfíríkà ni ó ti gba orúkọ: láti inú yẹ̀pẹ̀ Ituri, ní ilẹ̀ Kóńgò tí Bẹ́ljíọ̀mù ń ṣàkóso nígbà náà, ni wọ́n ti rí bakitéríà tí ń ṣe é ní àwọn ọdún 1950.

Ọ̀nà mìíràn tún wà tí bakitéríà náà ń gbà ṣiṣẹ́. Ó máa ń tẹ́ ara rẹ̀ sí orí gbòǹgbò tàbí ewé kí fọ́ńgọ́ọ̀sì tó dé, ó ń jẹ oúnjẹ tí ewéko ń tú jáde níbẹ̀, àlejò burúkú kò sì ní rí ibi jókòó. Ó tún máa ń ta ewéko lólobó, tí ewéko náà fúnra rẹ̀ á fi múra ìjà sílẹ̀. Ní ọdún 1995 wọ́n rí irú kan nínú yẹ̀pẹ̀ oko èso píìṣì ní California, èyí tí wọ́n sọ ní QST 713, ó sì di oògùn oko tí wọ́n ń tà káàkiri ayé. Àwọn onímọ̀ ti gbé e kúrò nínú irú tí Cohn sọ lórúkọ báyìí, wọ́n sì fi í sí ọ̀dọ̀ ìbátan rẹ̀ tímọ́tímọ́, Bacillus velezensis.

Sípóò ni ó sọ ọjà yìí di ohun tó ṣeé ṣe. Ọ̀pọ̀ bakitéríà mìíràn ló lè lé fọ́ńgọ́ọ̀sì, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá gbẹ, wọ́n kú. Ti Bacillus ṣeé gbẹ, ó ṣeé lọ̀ kúnná, ó ṣeé dì sínú ọ̀rá, ó sì lè jókòó nínú ilé ìtajà tó gbóná fún ìgbà pípẹ́. Nígbà tí àgbẹ̀ bá pò ó mọ́ omi, tí ó sì fọ́n ọn sí oko, ohun tí Cohn rí ní ọdún 1876 tún ń ṣẹlẹ̀: kóró ń hù, ó ń di ọ̀pá.

Ní Nàìjíríà, iṣu ni wọ́n ti dán an wò dáradára. Iṣu tí ó bá ní ọgbẹ́ nígbà tí wọ́n ń wà á máa ń jẹrà lórí àká, fọ́ńgọ́ọ̀sì ni ó sì pọ̀ jù nínú ohun tó ń fà á. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 2000, àwọn olùṣèwádìí ní Nàìjíríà fi Bacillus subtilis pa ara iṣu funfun kí wọ́n tó kó o pamọ́. Fún oṣù márùn-ún, fọ́ńgọ́ọ̀sì tó wà lára àwọn iṣu náà dín kù gidigidi, bẹ́ẹ̀ ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n pa á sí i.

Ti kòkó ṣòro ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìpínlẹ̀ Oǹdó ni ó ń ṣíwájú nínú kòkó ṣíṣe ní Nàìjíríà. Nínú oko tó wà láti Ọ̀wọ̀ títí dé Arimogija ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀sẹ̀, bí òjò bá ti rọ̀ wọra, èso kòkó yóò bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú lórí igi. Àmì dúdú kékeré ni ó máa ń kọ́kọ́ hàn, láàárín ọjọ́ díẹ̀ ó ti gba gbogbo èso náà, ìyẹ̀fun funfun á sì bò ó. Phytophthora megakarya ni ó ń fa àrùn yìí jù ní Nàìjíríà àti Kamẹrúùnù. Àwọn àgbẹ̀ àti ọ̀pọ̀ ìwé ń pè é ní fọ́ńgọ́ọ̀sì, ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ òde òní ti yọ ọ́ kúrò nínú ẹbí olu. Ó súnmọ́ àwọn ewéko inú omi tí Cohn fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ ju bí ó ti súnmọ́ olu lọ, ìdí nìyẹn tí ó fi fẹ́ràn omi tó bẹ́ẹ̀: àwọn ọmọ rẹ̀ ń lúwẹ̀ẹ́ nínú omi òjò tó wà lára èso.

Oògùn tí a fi bàbà ṣe ni àwọn àgbẹ̀ kòkó ń fọ́n sí i láti ìgbà pípẹ́. Ó ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n òjò ń fọ̀ ọ́ dànù, owó rẹ̀ kì í ṣe kékeré, bàbà náà sì ń kó jọ sínú ilẹ̀ lọ́dọọdún. Èyí ni ó mú kí àwọn olùṣèwádìí máa wá bakitéríà tí yóò gbé inú igi kòkó fúnra rẹ̀. Iṣẹ́ kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2008 fi hàn pé àwọn Bacillus tí wọ́n mú láti ara irè oko mìíràn lè wọ inú ewé kòkó, kí wọ́n gbé níbẹ̀, kí wọ́n sì dín àrùn Phytophthora kù lára àwọn ewé náà. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ewé nínú ilé ìwádìí kò tíì jẹ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí èso lábẹ́ òjò oṣù Kẹsàn-án, ọ̀nà sì jìn láàárín àwọn méjèèjì.

Bakitéríà yìí kì í wo ohun tó ti jẹrà sàn. Kí àrùn tó dé ni a ń lò ó. Ẹni tí ó bá fọ́n ọn sí oko tí èso dúdú ti kún orí igi yóò pàdánù owó rẹ̀. Bí a bá da oògùn bàbà pọ̀ mọ́ ọn láìbéèrè, ọ̀pá bakitéríà tó ti hù lè kú. Kò sì tíì sí èyí tó gba ipò iṣẹ́ ọwọ́: kíkórè èso tó dúdú kúrò lórí igi kí ó tó ran èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, gígé ẹ̀ka kí afẹ́fẹ́ àti oòrùn lè wọlé, àti kíkó èèpo kòkó kúrò nínú oko. Ilé-iṣẹ́ Ìwádìí Kòkó ti Nàìjíríà, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọdún 1964, wà lára àwọn tí ń fi ìmọ̀ràn wọ̀nyí ṣọwọ́ sí àwọn àgbẹ̀.